Màrìwò Orí Iyanrìn: Bí A Ṣe Tẹ Ẹyẹgbèmí Dó

Ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páànù bo ààfin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, lórí erékùṣù ẹyẹ gan-an, nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi kúnlẹ̀ tí a ń fa koríko. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ Ẹyẹgbèmí. Àwọn kan máa ń fo ibi tí kò dùn nínú rẹ̀, wọ́n á ní babańlá wa kò ṣe àṣìṣe rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kí ó lọ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

Akínṣọ̀wọ́n ni orúkọ ẹni tí ó tẹ ìlú yìí dó. Akínṣọ̀wọ́n ọmọ ọba Òkè-Ìrókò, ọdẹ tí ń rìn nínú igbó tí ewé kò mì. Ìlú inú igbó ni Òkè-Ìrókò. Igi ibẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán ibẹ̀ fi dà bí ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà, òun ni oyè kàn, ṣùgbọ́n àwọn afọbajẹ fi àbúrò rẹ̀ jọba. Wọ́n ní Akínṣọ̀wọ́n kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Inú bí i, kò sì dúró ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Adélúyì, tí ó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà. Ó kó àwọn ìdílé tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fi ilé sílẹ̀.

Ní etí odò tí ó jẹ́ ààlà ilẹ̀ wọn, obìnrin arúgbó kan wà tí ó ń sin omi. Aṣọ funfun ni ó máa ń wọ̀, kì í sì í gba ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá bi í léèrè ọ̀rọ̀. Akínṣọ̀wọ́n dúró níwájú rẹ̀, ó béèrè ibi tí òun yóò kọ́lé sí. Obìnrin náà ti ọwọ́ méjèèjì bọ omi. Ó ní:

"Máa bá omi lọ títí igi yóò fi tán. Ibi tí o bá ti rí àwọn ọmọ tí ìyá wọn tẹ́ sórí ilẹ̀ lásán, tí wọn kò ní ilé, tí wọn kò ní aṣọ, tí wọn kò sì kú, sọ ẹrù rẹ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó bọlá fún ohunkóhun níbẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ẹni tí o bá bá níbẹ̀ bí a ṣe ń bọlá fún un."

Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni Akínṣọ̀wọ́n gbé dání. Ìdajì kejì, etí rẹ̀ gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ kò gbà á dúró.

Wọ́n bá omi lọ. Odò kékeré wọ odò ńlá, odò ńlá wọ ọ̀sà. Wọ́n fi àwọn iṣu tí ó kù lọ́wọ́ wọn pààrọ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará etí ọ̀sà, wọ́n sì wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti di àjẹ̀ mú rí. Àsìkò ọyẹ́ ni. Kùrukùru ṣú bo omi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ kò rí ẹni tí ó wà ní iwájú ọkọ̀. Omi tí ń fà lọ sí òkun gbé wọn, wọn kò mọ̀. Ìgbà tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wọn, tí omi tí ó ta sí wọn lẹ́nu korò fún iyọ̀, ni wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti jáde kúrò nínú ọ̀sà. Àwọn obìnrin ń sunkún. Akínṣọ̀wọ́n, tí kò sọnù nínú igbó rí, kò mọ ibi tí iwájú wà mọ́.

Nígbà náà ni ó gbọ́ wọn. Ariwo kan ń bọ̀ láti apá òsì, ó ń ta, ó ń han, bí ìgbà tí gbogbo ọjà bá ń jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ẹ wa ọkọ̀ síbẹ̀! Ohun yòówù tí ìbáà jẹ́, orí ilẹ̀ ni ó wà!" Wọ́n tẹ̀ lé ariwo náà títí ìdí ọkọ̀ fi ha iyanrìn.

Ẹyẹ ni. Ẹyẹ funfun tí ìrù rẹ̀ là sí méjì, tí dúdú bo àtàrí rẹ̀ bí fìlà. Kò ṣeé kà. Méjì ni irú wọn: àwọn kékeré, àti àwọn ńlá tí ẹnu wọn pupa bí epo. Orí iyanrìn lásán ni wọ́n yé ẹyin wọn sí, láìsí koríko, láìsí ìtẹ́. Ọmọ wọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin dùbúlẹ̀ síbẹ̀, àwọ̀ wọn bá iyanrìn mu. Akínṣọ̀wọ́n wo ilẹ̀, ó rántí ọ̀rọ̀ obìnrin etí odò. Ó ní, "Ẹyẹ gbè mí." Ibẹ̀ ni ìlú wa ti gba orúkọ. Láti ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kì wá pé:

Ọmọ Ẹyẹgbèmí,
ọmọ a-gbóhùn-ẹyẹ-wọ̀lú,
ọmọ ẹyẹ onífìlà tí kì í ṣí fìlà fún ọba.

Bí ó ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀ síwájú ni ohùn kan jágbe mọ́ ọn. "Dúró síbẹ̀! Má gbé ẹsẹ̀ yẹn! Ṣé ojú kò sí lórí yín ni?"

Obìnrin kan ni, ó ti dàgbà, ó gbé agbọ̀n koríko lérí. Yèyé Òkunlọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Òun ni olórí àwọn apẹja díẹ̀ tí wọ́n kọ́ àgọ́ sí òdìkejì omi tóóró tí ó pín erékùṣù náà níyà sí èbúté. Àdúgbò tí à ń pè ní Àgọ́ Yèyé títí di òní, ibẹ̀ ni. Ó wo àwọn àlejò náà láti òkè dé ilẹ̀.

Ó ní, "Mo ti ń wò yín bọ̀. Ẹ̀ ń wa ọkọ̀ bí ẹni ń ro ọkà. Ará igbó ni yín?"

Akínṣọ̀wọ́n ní, "Ọmọ ọba ni mí, Yèyé."

"Ọmọ ọba, ẹ kú ewu omi. Ẹ gba etí omi yí lọ, kí ẹ máa wo ilẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ ẹyin kan fọ́ nínú yín, òun ni yóò bá mi gbé koríko yìí délé."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbà wọ́n. Àwọn ará Òkè-Ìrókò kọ́ ilé ti àgọ́ Yèyé. Wọ́n mọ iṣẹ́ irin, wọ́n mọ oko, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń dájọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, àgọ́ di ìlú. Àwọn apẹja fúnra wọn ni wọ́n fi Akínṣọ̀wọ́n jọba, Yèyé sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó kúnlẹ̀ kí i ní Kábíyèsí.

Kí n sọ iṣẹ́ tí Yèyé àti àwọn obìnrin rẹ̀ máa ń ṣe, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ní ọdọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí ẹyẹ tó dé, wọn a sọdá sí erékùṣù. Wọn a fa gbogbo koríko àti ìtàkùn tí òjò ti mú hù sórí iyanrìn, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Wọn a da ìkarahun fífọ́ sí ibi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ jù. Wọn a ri oparun mọ́ apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí iyanrìn lè kó jọ síbẹ̀, kí omi má ba gba orí ilẹ̀ náà. Wọn a dẹ pàkúté fún eku, wọn kì í sì í jẹ́ kí ajá tàbí ẹlẹ́dẹ̀ sọdá. Yèyé máa ń pe iṣẹ́ náà ní títẹ́ ẹní fún àlejò. Àwọn apẹja kò sì ṣe é lásán. Ibi tí ẹyẹ bá ti ń já sómi, ibẹ̀ ni ẹja wà. Bí kùrukùru bá sì bo òkun, igbe ẹyẹ ni ó ń fi ẹnu ọ̀nà ọ̀sà han ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ igbó ni Akínṣọ̀wọ́n. Ní Òkè-Ìrókò tí wọ́n bí i sí, ilẹ̀ tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀, àdá kì í wọ ibẹ̀, ọkọ́ kì í wọ ibẹ̀, ewé kan kò gbọdọ̀ já níbẹ̀. Bí igbó bá ti dí tó ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ó ń wo àwọn obìnrin tí wọ́n ń wọ́ ìdí nílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là, tí wọ́n ń hú, tí wọ́n ń dáná sun ún, tí wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ó dùn ún. Ọ̀wọ̀ tí ó ní fún ẹyẹ náà kì í ṣe ọ̀wọ̀ ẹnu lásán. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú.

Ó ní kí wọ́n já màrìwò. Ó fi yí erékùṣù náà ká lórí òpó. Ó dúró sí etí omi níwájú gbogbo ìlú, ó ní láti òní lọ, erékùṣù yìí ti di ti ẹyẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ hú koríko kan níbẹ̀. Ó sì fi èpè dì í. "Ẹni tí ó bá kọjá màrìwò yìí, kí ó má ṣe fi ojú kan àrólé rẹ̀ mọ́. Bí èmi fúnra mi ni, kí ó rí bẹ́ẹ̀."

Yèyé Òkunlọ́lá wá bá a ní ilé.

Ó ní, "Kábíyèsí, ta ni ó ṣẹ̀ yín nínú àwọn ẹyẹ yẹn?"

"Kò sí, Yèyé. Mo bọlá fún wọn ni."

"Koríko ni ọ̀tá wọn. Wọn kì í yé síbi tí wọn kò bá ti rí ọ̀kánkán. Inú koríko ni eku ń gbà wá, inú rẹ̀ ni ejò ń gbà wá. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta, ẹ wá ń pè é ní ọlá."

"Yèyé, ta ni ó ń fa koríko fún wọn kí wọ́n tó bí yín?"

"Ìyá mi."

"Kí wọ́n tó bí ìyá yín ńkọ́?"

Yèyé rẹ́rìn-ín. "Ìyá tirẹ̀ ni. Kábíyèsí, ṣé ẹ ó bi mí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ni?"

Ọba kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti sọ̀rọ̀. Yèyé dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé. Obìnrin náà bọ̀wọ̀ fún oyè. Òun ni ó kúnlẹ̀ fún un, kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dìde.

Ọdún àkọ́kọ́, ẹyẹ wá, wọ́n dín díẹ̀. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìtàkùn ti bo ìdajì iyanrìn, àwọn ẹyẹ ńlá sì ń yé ẹyin wọn sí etí omi. Ìgbì gbá púpọ̀ lọ nínú ẹyin wọn. Akínṣọ̀wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bóyá ọlá náà ni kò tíì tó. Ó fún àwọn olùṣọ́ tí ó fi ṣọ́ màrìwò náà ní àyè láti sọdá lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n gbin àgbọn sí erékùṣù, kí ẹyẹ lè rí igi bà lé, kí ọmọ wọn lè rí ibòji. Ẹyẹ onífìlà kì í bà lórí igi. Àṣá ni ó ń bà á, àti kannakánná. Nígbà tí àgbọn náà dàgbà, orí wọn ni àṣá ń jókòó sí tí ó ń yan ọmọ ẹyẹ jẹ.

Yèyé máa ń dúró sí òdìkejì omi, ó ń wò ó.

Ní gbogbo àkókò yìí, Adélúyì ti di géńdé. Ọ̀dọ̀ àwọn apẹja ni ó dàgbà sí. Ó mọ ọkọ̀ wà ju bí bàbá rẹ̀ ṣe mọ igbó lọ, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni ìlú ń wò gẹ́gẹ́ bí ọba ọ̀la. Ọdún kan wáyé tí ọyẹ́ dé tí ẹyẹ kò dé, kò sí ẹyọ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní àsìkò yẹn, Adélúyì gba iwájú ilé bàbá rẹ̀ kọjá, ó gbé àwọ̀n léjìká.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn Yèyé lọ fa koríko yẹn. Àwọn ẹyẹ yẹn kò mọ̀ pé ẹ̀ ń yẹ́ àwọn sí. Wọ́n rò pé ẹ̀ ń lé àwọn ni."

Akínṣọ̀wọ́n ní, "Ìgbà wo ni ẹyẹ sọ fún ọ? Lọ pa ẹja rẹ."

"Mo ti lọ, Bàbá. Orí ẹja tí mo bá mú bọ̀, tiyín ni; ẹ lè bi òun náà léèrè."

Inú ọba fẹ́ dùn sí àwàdà náà, ṣùgbọ́n ó di ojú rẹ̀ pọ̀. Ọmọ náà bá àwọn apẹja yòókù lọ sí òkun.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tán tí kùrukùru fi bo òkun. Gbogbo ìlú jáde sí èbúté. Wọ́n ń lu ìkòkò, wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń ké. Wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn apẹja láti inú kùrukùru, kò jìnnà, ṣùgbọ́n ohùn náà ń lọ sí ọ̀tún, ibi tí ìgbì ti ń fọ́ lórí òkè iyanrìn abẹ́ omi.

Yèyé Òkunlọ́lá ní, "Ibí kọ́ ni a ti ń pè wọ́n. Èbúté ti gùn jù, ariwo wa ń ti ibi gbogbo lọ bá wọn. Ṣóńṣó erékùṣù ni kí a dúró sí, níbi tí àwọn ẹyẹ ti máa ń ké."

Àwọn olùṣọ́ ní, "Èèwọ̀ ni, Yèyé."

Gbogbo ojú yí sí ọba. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe yára dá a lẹ́jọ́. Èpè tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣẹ́ ni ó ń gbọ́: ẹni tí ó bá kọjá, kí ó má ṣe fi ojú kan àrólé rẹ̀ mọ́. Bí òun bá sọdá, òun ni yóò fi ọwọ́ ara òun pa Adélúyì. Bí òun kò bá sọdá, òkun ni yóò pa á. Ó dúró. Ọkùnrin tí kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ní ọjọ́ tí kò yẹ kí ó ronú.

Yèyé bọ́ sínú omi. Àwọn olùṣọ́ dì í mú.

Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Omi ti kó ọkọ mi àti ọmọ mi lọ kí ẹ tó dé etí òkun yìí. Èmi kò ní àrólé. Èpè yín kò rí ibi kankan bà lé lára mi."

Wọn kò fi í sílẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu ọba. Ó pẹ́ kí ẹnu náà tó ṣí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó lọ."

Arúgbó náà sọdá. Ó já màrìwò kọjá. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti máa ń rìn láìwo ilẹ̀ ti di igbó. Ìtàkùn dì í lẹ́sẹ̀, ẹ̀gún ya aṣọ rẹ̀, kò sì rí ọ̀nà dé ṣóńṣó. Ó dúró láàárín igbó náà, ó ń ké, igbó sì gbé ohùn rẹ̀ mì. Nígbà náà ni Akínṣọ̀wọ́n fò sómi. Kò mú àdá. Ọwọ́ ni ó fi ń ya igbó, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo apá rẹ̀ kí ó tó já sí ṣóńṣó, níbi tí òkun wà níwájú rẹ̀.

Ó pe Adélúyì. Kò sí ohùn kankan mọ́ nínú kùrukùru.

Pákó ọkọ̀ ni ìgbì kọ́kọ́ gbé wá. Omi tóóró tí ó wà láàárín ìlú àti erékùṣù, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Adélúyì nígbà tí kùrukùru ká. Odò Adélúyì ni à ń pè é láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ọba lọ sí ilé Yèyé, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Yèyé, ó yẹ kí n ti béèrè. Ẹ kọ́ mi."

Yèyé kò bú u. Ó ní, "Dìde. Tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni wọ́n ń fà á. Bí o bá já a lórí lásán, yóò tún hù."

Wọ́n sọdá. Ọba hú màrìwò ara rẹ̀ dànù. Ó gé gbogbo àgbọn tí ó gbìn. Ibi tí à ń pè ní Ìdí-Àgbọn lórí erékùṣù lónìí, ẹ kò lè rí àgbọn kan níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ arúgbó náà, ó ń fa koríko, ó ń da ìkarahun. Iyanrìn mọ́. Ọyẹ́ dé, wọ́n dúró de ẹyẹ. Ẹyẹ kò wá. Ọdún kejì, wọn kò wá. Yèyé Òkunlọ́lá kú láìtún rí wọn, orí ẹní rẹ̀ ni ó sì ti ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró nǹkan láti ọ̀nà erékùṣù. Àwọn tí wọ́n jókòó tì í kò mọ bí wọ́n ṣe lè purọ́ fún un.

Ìgbà tí ewú ti bo orí Akínṣọ̀wọ́n ni àwọn ẹyẹ kékeré padà, díẹ̀díẹ̀. Àwọn ńlá kò padà mọ́.

Nítorí èyí ni ó fi di àṣà wa pé bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ọba Ẹyẹgbèmí yóò sọdá sí erékùṣù láìdé fìlà, yóò kúnlẹ̀, yóò sì fa koríko kí ará ìlú kankan tó fa tirẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ará ìlú ń rí orí ọba ní òfìfo. A kì í kí i ní Kábíyèsí ní ọjọ́ náà. Obìnrin tí ó dàgbà jù ní Àgọ́ Yèyé ni yóò máa rìn lẹ́yìn rẹ̀. Bí obìnrin náà bá ní, "Ó kù síbẹ̀," ọba gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Mo ti rí ọba tí wọ́n dá padà títí orúnkún rẹ̀ fi bó. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nísinsìnyí, wọ́n ní kí a gbé ẹ̀rọ tí ń gé koríko lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ kì í fa gbòǹgbò. Mo ti sọ fún wọn, mo sì tún kọ ọ́ síbí.

Ohun tí ìlú yìí pàdánù nìyí. Ọkọ̀ mẹ́rin. Ọkùnrin mọ́kànlélógún, mẹ́fà péré ni a rí òkú wọn sin. Adélúyì wà lára àwọn mẹ́fà náà. Àti ẹyẹ onífìlà ńlá, gbogbo wọn, kò ku ẹyọ kan.